Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún

Bàbá mi àgbà, Bùsàrí, ló ń yí irin
ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Òṣogbo.
Ojú irin kan ṣoṣo ló wọ ìlú, òun náà ló jáde.
Bí ti Kánò bá ń bọ̀, ti Ìbàdàn á dúró,
á máa mí èéfín bí arúgbó tó gun òkè.
Wọ́n á ní: "Kì í ṣe pé ọ̀nà kan há nìkan.
Bí màlúù kan bá sùn sí i,
àtòkè àtìsàlẹ̀ ló sùn tì í."

Irin tèmi ò ju ìka ọwọ́ lọ.
Wáyà aláwọ̀ búlúù ni, lẹ́yìn sáfà,
ní yàrá tó tutù jù nílé ìwòsàn wa l'Òkè-Fìà,
níbi tí àwòrán egungun àti àwòrán oyún
ti ń gba ihò kan, tí wọ́n ń fún ara wọn lọ́rùn
láti aago mẹ́sàn-án títí oòrùn á fi wọ̀.
Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò lọ́jọ́ kan:
ihò mẹ́rin ló ní. Ẹyọ kan là ń lò.
Mẹ́ta yókù la ẹnu sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á,
eruku ni wọ́n ń jẹ, kì í ṣe èkuru.

Mo so méjì pọ̀.
Mo fún wọn ní orúkọ kan, àdírẹ́sì kan,
bí ìbejì tí ìyá wọn pè lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n jọ dáhùn.
Mo lọ sọ fún súwíìṣì lọ́hùn-ún pẹ̀lú,
torí bí apá kan bá mọ̀ tí apá kejì ò gbọ́,
ìjà ni.
Mo fa wáyà kan lọ sí súwíìṣì ìsàlẹ̀, ìkejì sí ti òkè:
ẹni tó so ewúrẹ́ méjì mọ́ èèkàn kan,
ọjọ́ tí èèkàn bá fà tu ló máa mọ iye ewúrẹ́ tó ní.

Lọ́sẹ̀ kejì, Dókítà Oyèdòkun wọlé, ojú wọn le.
"Sàkírátù, ṣé o ní ó ti di ìlọ́po méjì?
Àwòrán orí kan ṣoṣo ni mo ń fà,
bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ náà ló ń rìn."
Mo ní: "Bí ọ̀nà bá di mẹ́wàá, ẹ̀yin nìkan,
ṣé ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan gba Ọláìyá, kẹ́ ẹ fi ìkejì gba Òkè-Báálẹ̀?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé wọ́n gbà.
Ṣùgbọ́n àwọn agbẹ̀bí àtàwọn aláyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀
ò bú ara wọn mọ́ láago mẹ́wàá àárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Tìámíyù, ọmọ iṣẹ́ mi,
gun àjà lọ dẹ pańpẹ́ eku.
Ó pè mí. Wáyà kan ti já,
ojú eyín wà lára ẹ̀ wínníwínní.
Mo ṣí àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ:
ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tó ti kú,
aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.
Mo wá wo ohun tó ń kọjá lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú náà.
Àwòrán aboyún kan láti Ìlobùú,
ọmọ dábùú nínú ẹ̀,
ó ń lọ bá dókítà tó wà nílé lórí bẹ́ẹ̀dì.
Ó dé. Kò tilẹ̀ kọsẹ̀.
Wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ.

Ṣé kí n yọ̀ ni? Mo jókòó sórí páálí,
wáyà tó já lọ́wọ́ mi.
Ó kú lẹ́nu iṣẹ́, ìkejì gbé ẹrù ẹ̀,
a sì ń kí ara wa káàárọ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún.
Bí eku bá tún padà lọ́jọ́ ogún ńkọ́?

Mo ti fi tuntun rọ́pò ẹ̀.
Mo sì pàṣẹ fún ẹ̀rọ: bí ọ̀kan bá tún lọ,
kó pe fóònù mi, ì báà jẹ́ òru.
Kì í ṣe torí pé iṣẹ́ dúró.
Torí pé kò dúró.